Oyèlárán Ẹlẹ́ṣin Ìlódè, Ẹni Tí A Kò Lè Kọjá Láìkí

Ògúndèjì ló bí Láoyè, Láoyè ló bí Adésọjí, Adésọjí ló bí Oyèlárán tí ìtàn yìí dá lé lórí. Agboolé Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń pe ilé wọn ní Ìlódè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú ẹṣin ni ilé náà ní jù. Ìlú igbó ni Ifẹ̀, eṣinṣin inú igbó kì í sì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ níbẹ̀. Ògúndèjì ra ẹṣin kan, ẹṣin náà kú kí òjò ọdún kejì tó rọ̀. Láoyè ra méjì kí ọ̀kan lè máa ṣọ́ èkejì. Wọ́n jọ kú pọ̀ ni. Adésọjí gbọ́n ju àwọn méjèèjì lọ: gàárì nìkan ló rà. Orí gàárì yìí, tí wọ́n gbé lé orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ni Oyèlárán ti kọ́ bí a ṣe ń gun ẹṣin. Ìdí nìyí tó fi máa ń sọ títí tó fi di arúgbó pé láti kékeré ni òun ti ń gun ẹṣin, kò sì sí èyí tó da òun ṣubú rí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ olóògbé náà ní Ifẹ̀ lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gàárì ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìkíni ni.

Ọjọ́ kejì ọdún Iléyá ni àwọn ará Sábó máa ń sá eré ẹṣin ní pápá tó wà lẹ́yìn ọjà ẹran-ọ̀sìn. Wọ́n á gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, wọ́n á yí pápá po, wọ́n á gba abẹ́ igi máńgòrò ńlá kan yọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dojú kọ okùn funfun tí wọ́n ta sí òpin. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, ẹṣin tí gbogbo ènìyàn fọkàn sí ni Ààrá, ẹṣin dúdú gàgàrà tó jẹ́ ti Àlàájì Abdulsalam, olówò màlúù tí wọ́n bí sí Sábó, tí bàbá rẹ̀ sì kú síbẹ̀. Hakeem ló ń gùn ún, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Ifẹ̀ tó ń tún alùpùpù ṣe lójú ọ̀nà Mayfair, tí ara rẹ̀ fúyẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì le. Ẹni tó dúró tì í ni Oyèlárán, akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó jókòó sórí ẹṣin pupa kan tí ń jẹ́ Máwẹ̀yìn. Ẹ̀wù dúdú tó máa ń wọ̀ nígbà tí adájọ́ bá jókòó ló wọ̀, ó sì so táì mọ́ ọn, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti wí, iwájú ni òun ń lọ, ẹni tó bá sì wà níwájú ni wọ́n ń wò.

Bí wọ́n ti ju aṣọ sílẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ, Máwẹ̀yìn bọ́ síwájú. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn yóò fi dé abẹ́ máńgòrò, Ààrá ti bá a. Imú rẹ̀ dé ìdí gàárì, ó dé orúnkún arúgbó, ó ku díẹ̀ kó kọjá. Ariwo sọ. Gbogbo ohun tí Hakeem ní láti ṣe nígbà náà ni kó panu mọ́. Ìyá tó bí Hakeem kò sì tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà láìkí i. Wọ́n ti fa Hakeem létí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí etí ọ̀tún fi gùn ju tòsì lọ. Ahọ́n rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó dá sí i.

“Bàbá, ẹ kú eré o!”

“Hin-in, Hakeem! Ọmọ dáadáa. Ẹ kú ọdún.”

“Ẹ kú ọdún, sà. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀.”

“Àmín. Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, sà.”

“Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn?”

Fìlà ti kúrò lórí Hakeem nígbà yìí, nítorí pé a kì í dé fìlà kí àgbà. Ọwọ́ kan di fìlà mú. Bó sì ti ń tẹrí ba, ọwọ́ kejì fa ìjánu mọ́ àyà. Ẹṣin kò mọ ìtẹríba. Ìjánu tí a fà ló mọ̀. Ààrá bẹ̀rẹ̀ sí í rọra.

“Ó ti ń sàn, sà. A dúpẹ́.”

“Bàbá rẹ àgbà ńkọ́?”

“Wọ́n ti di olóògbé, sà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta.”

“Háà! Hakeem! Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi! Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn.”

Ta ni yóò gbọ́ irú àdúrà yìí tí kò ní tẹrí ba tán? Kí Hakeem tó ṣe àmín, kó sì gbójú sókè, Máwẹ̀yìn ti já okùn funfun. Arúgbó náà yí ẹṣin padà, ojú rẹ̀ kún fún àánú tòótọ́. Ó ní, “Ṣé wọ́n ṣàìsàn ni?”

Àlàájì Abdulsalam kò gbà. Ó ní èrú ni. Ó kó ẹjọ́ náà lọ sábẹ́ àtíbàbà níwájú àwọn àgbà Sábó, kò sì rántí pé ẹni tí òun ń pè lẹ́jọ́ ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ jókòó sí kóòtù.

Oyèlárán dìde, ó na ẹ̀wù rẹ̀. “Àlàájì, nínú àwa méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ kí ẹnìkejì?”

“Hakeem ni.”

“Ṣé mo rán an níṣẹ́?”

“Ẹ ò rán an.”

“Bí mo bá dákẹ́, kí ni ẹ̀ bá sọ?”

Abdulsalam ronú. “À bá ní ìgbéraga ni.”

“Mo sì dáhùn. Kí ni ẹ wá ń sọ?”

“A ní èrú ni.”

“Ó dára. Nínú ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì, mo mú èyí tí ó ní ọ̀wọ̀ nínú.”

Àwọn àgbà fikùn lukùn. Wọ́n ní Oyèlárán ló borí. Wọ́n tún ní àwọn yin Hakeem gidigidi, pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, kí wọ́n bá àwọn kí ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe túká nìyẹn: Oyèlárán fa àgbò ẹ̀bùn ìdíje lọ sí Ìlódè, Hakeem sì gbé ìyìn lọ sílé.

Ìyìn náà kò ṣeé sè. Fọ́nrán eré náà ti dé orí fóònù gbogbo ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú, tìkíni tìkíni. Bí oníbàárà bá gbé alùpùpù dé ọ̀dọ̀ Hakeem, yóò kọ́kọ́ bi í pé, “Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ńkọ́?” Láti ọjọ́ náà ni ohun kan ṣoṣo ti gba Hakeem lọ́kàn: kí òun kọjá Bàbá Oyèlárán lẹ́ẹ̀kan péré, lójú gbogbo Ifẹ̀, kí arúgbó náà tó fi pápá sílẹ̀.

Kí a tó sọ ohun tí Hakeem ṣe, ó yẹ kí á sọ bí Máwẹ̀yìn ṣe dé Ìlódè, nítorí kì í ṣe ẹṣin tí ẹnikẹ́ni ń wá. Ọjà ẹran-ọ̀sìn ni Oyèlárán lọ lọ́jọ́ náà pé kí òun ra àgbò. Ó bá ẹṣin pupa kan níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó lóun nìkan. Kò sí ohun tó lè rìn níwájú ẹṣin yìí kí ó gbà. Bí wọ́n bá tò ó sẹ́yìn ẹṣin mìíràn, yóò já okùn lọ síwájú. Bí wọ́n tò ó sẹ́yìn màlúù, yóò kọjá màlúù. Lọ́jọ́ kan ó ti ṣíwájú agbo àgùntàn kan kúrò ní Sábó, wọ́n sì ń tọ̀ ọ́ lọ bí ìjọ tí ń tọ àlùfáà.

Oyèlárán dúró, ó ń wò ó. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ojú obì. Àmì funfun kan wà níwájú orí rẹ̀ bí ẹ̀kọ tí ó ta sí i lára. Àyà rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbẹ, kò ní ẹran tí kò wúlò. Bó bá ń mí, ìhà rẹ̀ á lọ á bọ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni Oyèlárán ń wò. Gbogbo ẹṣin yòókù lọ́jà náà ló ń yí etí kiri: wọ́n gbọ́ ajá, wọ́n yí etí, wọ́n gbọ́ mọ́tò, wọ́n yí etí. Etí ti èyí dúró ṣánṣán síwájú bí ẹni tí ń retí àlejò.

Abdulsalam rí i, ó sún mọ́ ọn. “Bàbá, ẹ má ra èyí o. Wèrè ẹṣin ni. Kò lè tẹ̀lé ẹnikẹ́ni.”

“Àlàájì,” ni Oyèlárán wí, “ta ló sọ fún yín pé mo ń wá ọmọ ẹ̀yìn?”

Nígbà tó fà á dé ilé, Àyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ dìde lórí àga, ó wo ẹṣin láti òkè délẹ̀.

“Bàbá Ìbùkún, ẹ ní ẹ ń lọ ra àgbò.”

“Àyọ̀kẹ́, ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́rin ni.”

Eṣinṣin igbó ló kù tí Oyèlárán yóò ṣẹ́gun, èyí tó pa ẹṣin Ògúndèjì, tó sì pa ti Láoyè. Oyèlárán ń fi ewé rú èéfín ní ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, títí àwọn aládùúgbò fi ń wúkọ́ ní ọ̀kan-ò-jọ̀kan. Nígbà tí ìyẹn kò tó, ó mú ọ̀nà ilé ìtọ́jú ìlera pọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún aboyún àti ọmọdé. Nọ́ọ̀sì Sùmáyà ló bá níbẹ̀.

“Bàbá, ṣé aboyún wà nílé yín ni?”

“Rárá o.”

“Ta wá ni ẹ fẹ́ gbà á fún?”

“Ọmọ kan ni, kò tíì pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Eṣinṣin ń dà á láàmú.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọmọ ọdún mélòó?”

“Mẹ́rin.”

“Ó ń rìn dáadáa?”

“Ó ń sáré,” ni Oyèlárán wí.

Nẹ́ẹ̀tì kan kò lè bo ẹṣin, nítorí náà ọmọ ọdún mẹ́rin yìí gba nẹ́ẹ̀tì káàkiri Ifẹ̀. Àyọ̀kẹ́ rán wọn pọ̀ di ẹ̀wù kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìnkùlé agboolé Ẹlẹ́ṣin kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ óò rí Máwẹ̀yìn nínú aṣọ funfun rẹ̀ bí ìyàwó tí ń retí ọkọ. Òjò ọdún kìíní rọ̀, ó dá. Òjò ọdún kejì rọ̀, òun náà dá. Ẹṣin ń jẹ èèrí ọkà bàbà, ó ń dán. Oyèlárán lọ sídìí ibojì bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Bàbá, a ti rí èyí tí yóò lo gàárì.”

Ilé yìí ni Hakeem wá lẹ́yìn Iléyá náà. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń ṣíwájú.”

“Kí o lè ṣe kí ni?”

“Kí n lè kọjá yín, sà.”

Oyèlárán fà á dìde. “Òótọ́ lo sọ. Gun orí àpótí yẹn.”

Àpótí kan náà ni, gàárì kan náà, ẹ̀gbẹ́ ògiri kan náà. Odidi oṣù ni Hakeem fi jókòó síbẹ̀, okùn ìjánu tí wọ́n so mọ́ fèrèsé lọ́wọ́ rẹ̀, tí arúgbó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá á dúró, wọ́n á wò. Àyọ̀kẹ́ á gbé omi kọjá, á ní, “Hakeem, ibo lẹ dé báyìí?”

“Abẹ́ máńgòrò, mà.”

Ohun tí Oyèlárán ń kọ́ ọ kò fara pẹ́ ohun tí Hakeem rò. Ó ti rò pé ẹni tó bá fẹ́ ṣíwájú, kó kàn sáré ju àwọn yòókù lọ ni.

“Ẹni tó wà níwájú kì í jẹ eruku,” ni arúgbó wí. “Ìdí kìíní nìyẹn. Ìdí kejì, òun ló ń mú ìrìn. Gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn, ìrìn rẹ̀ ni wọ́n ń rìn, wọ́n kàn rò pé tiwọn ni.”

“Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú ló kọ́kọ́ ń rẹ̀, Bàbá.”

“Bí ẹ̀rù bá ń bà á ni. Ẹni ẹ̀yìn ní nǹkan tó ń wò. Ẹni iwájú ò ní nǹkan kan àfi ilẹ̀. Ó ń gbọ́ pátákò lẹ́yìn, àyà rẹ̀ já, ó tú èémí ẹṣin sílẹ̀ níbi tí kò yẹ. Kí a bọ́ síwájú kò ṣòro, Hakeem, ewúrẹ́ ń ṣe é. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni pé kí o bọ́ síwájú tán, kí o wá rọra, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má sì mọ̀ pé o rọra.”

“Wọn ò ní fojú rí i ni?”

“Ejìká ni wọ́n ń wò. Jẹ́ kí ejìká rẹ máa sáré, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ sinmi. Ẹṣin ń gbọ́ ọwọ́. Ènìyàn ń gbọ́ ejìká.” Ó nàka sí Máwẹ̀yìn nínú aṣọ ìyàwó rẹ̀. “Kí o sì máa wo etí. Bí etí ẹṣin tí o gùn bá yí sẹ́yìn, ó ti ń gbọ́ tẹlòmíràn, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níwájú. Etí èyí kò yí sẹ́yìn rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kò nílò pàṣán. Kí ni ènìyàn fẹ́ na irú èyí fún?”

Lóòótọ́, kò na án rí. Pàṣán tí Abdulsalam fi ta á lọ́rẹ, ọbẹ̀ ni Àyọ̀kẹ́ fi ń ro.

Hakeem ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ́ náà kò mọ sórí ẹṣin. Níbi gbogbo ni Oyèlárán ti ń mú ìrìn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ orin, á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kíákíá, á sì wá fà á ní àárín, tí ẹgbẹ́ akọrin kò fi ní mọ ibi tí wọ́n wà. Bí wọ́n bá pè é síbi ìkómọ, á ti dé kí wọ́n tó gbálẹ̀. Nígbà kan ó dé nígbà tí ìyá ọmọ ṣì ń rọbí, ó sì ní òun yóò dúró. Àyọ̀kẹ́ sọ fún Hakeem pé láti ọjọ́ tí àwọn ti ṣe ìgbéyàwó, òun kò tíì rí ojú ọkọ òun lójú pópó rí, ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ni òun mọ̀.

Iléyá tún dé. Abdulsalam ti dúró ti àwọn àgbà Sábó títí wọ́n fi ṣe òfin tuntun: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni láti ẹ̀gbẹ́ kànga títí dé okùn funfun. Oyèlárán gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó kàn béèrè bóyá wọ́n fàyè gba kí ènìyàn sín.

Hakeem kò fọkàn tán ẹnu ara rẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù dí i.

Wọ́n gbéra. Máwẹ̀yìn bọ́ síwájú bí iná tí a fi sí pápá gbígbẹ, Ààrá sì tẹ̀ lé e. Hakeem fi ojú sí ẹ̀yìn ẹ̀wù dúdú náà. Ejìká Oyèlárán ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bí ti ẹni tí ń gúnyán fún àlejò púpọ̀. Hakeem sọ nínú ara rẹ̀ pé eré yìí ti pọ̀ jù, ẹṣin pupa kò ní lè ru ú dé òpin. Kí òun di Ààrá mú, kí òun pa èémí rẹ̀ mọ́ di abẹ́ máńgòrò. Ó di Ààrá mú. Wọ́n yí pápá po. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òjìji igi kí ó tó rántí àpótí. Ejìká ń sáré. Ọwọ́ ńkọ́? Ó wo ọwọ́ arúgbó: ọwọ́ méjèèjì sinmi lórí ọrùn ẹṣin bí ọwọ́ ẹni tó jókòó níwájú ilé tó ń gba atẹ́gùn.

Ìrìn ìgbafẹ́ ni wọ́n ti ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kànga. Hakeem fẹ́ kígbe, áńkáṣíìfù kò jẹ́.

Abẹ́ máńgòrò ni Oyèlárán ti gbé ọwọ́ síwájú díẹ̀, bí ẹni tó ní, “Ó yá.” Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó wà níbẹ̀ kò lè sọ ọ́ kí wọ́n má dìde dúró. Ẹṣin pupa náà rẹlẹ̀, ó nà, ó sì gùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tún jọ mẹ́rin mọ́. Kò jọ ẹni tí ń sá fún nǹkan, kò jọ ẹni tí wọ́n ń lé. Ó jọ ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ kó máa lọ sí ilé rẹ̀. Etí méjèèjì dúró ṣánṣán. Hakeem, tí ó yẹ kó máa rọ Ààrá, gbàgbé pé òun wà nínú ìdíje. Ó ń wòran. Ó jẹ eruku púpọ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú áńkáṣíìfù lẹ́nu.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tán, ó lọ bá arúgbó náà.

“Bàbá, ṣé Máwẹ̀yìn ní èémí tó báyìí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ yín?”

“Ó ní i.”

“Ẹ̀ bá kàn tú u sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ń bi mí léèrè ìyá mi?”

Oyèlárán wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà yé. “Hakeem, ìwọ lo kí mi. Ṣé kí n máa sáré lọ láìjẹ́ ọ ni?”

Hakeem jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin. Arúgbó náà ní, “Lọ́dún tó ń bọ̀, o lè kọjá mi. O ti mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ejìká báyìí. Ṣùgbọ́n n kò ní yà fún ọ o. Ẹni tí wọ́n yà fún kò tíì kọjá ẹnikẹ́ni.”

“Mo gbọ́, sà.”

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

Ọdún tó ń bọ̀ náà kò pé. Nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, tí Iléyá kò sì jìnnà mọ́, Oyèlárán sùn ní ọ̀sán, kò jí. Àyọ̀kẹ́ ní kò yà òun lẹ́nu pé ó ṣíwájú òun. Nígbà tí Hakeem wá kí i, ó nawọ́ ìjánu sí i.

“Bàbá Ìbùkún ní ìwọ ni kó máa gùn ún. Ó ní kò sẹ́ni tó ti wo ẹ̀yìn ẹṣin náà pẹ́ tó ọ.”

Hakeem gba ìjánu. Ó sunkún. Díẹ̀ nínú ẹkún náà, kó má di irọ́, jẹ́ ti eré tí wọn kò ní sá mọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ẹbí ní kí Hakeem gun Máwẹ̀yìn tẹ̀ lé ọkọ̀ tó gbé pósí láti Ìlódè lọ sí itẹ́ ìsìnkú. Abdulsalam, tó wá pẹ̀lú àwọn ará Sábó, gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti sọ ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ẹṣin yìí kò lè tẹ̀lé ẹnikẹ́ni.” Wọ́n ní òkú lọ̀rọ̀ yìí, ẹṣin náà yóò mọ̀.

Ẹṣin náà kò mọ̀. Ọkọ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, akọrin ń kọrin, Máwẹ̀yìn sì ń fa Hakeem lápá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n dá a padà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ ara wọn. Nígbà tí ọ̀nà fẹ̀, tí ẹnu géètì itẹ́ hàn lọ́ọ̀ọ́kán, kò sẹ́ni tó lè dì í mú mọ́. Imú rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Ó dé ibi tí pósí wà. Ó ku díẹ̀ kó kọjá.

Nígbà yìí ni ó yé Hakeem ibi tí òun wà. Gbogbo Ifẹ̀ ń wò. Iwájú ṣí sílẹ̀ gbalasa. Bí òun bá kàn panu mọ́, òun yóò kọjá Bàbá Oyèlárán lónìí.

Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣí fìlà.

“Bàbá,” ló wí, “ẹ kú ìrìn o.”

Ó tẹrí ba. Ọwọ́ kejì fa ìjánu mọ́ àyà bó ti ṣe nígbà àkọ́kọ́, ó sì ń dúró de èsì, nítorí pé arúgbó yìí kò tíì fi ìkíni sílẹ̀ láìjẹ́ rí. Èsì kò wá. Hakeem gbójú sókè díẹ̀, ó sì rí ohun tí kò rí rí. Etí Máwẹ̀yìn méjèèjì ti yí. Wọ́n yí síhà ọkọ̀, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń retí ohùn. Ẹṣin tí kò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni rí dẹsẹ̀ dúró láàárín ọ̀nà.

Ọkọ̀ kọjá wọn. Ó gba ẹnu géètì wọlé.

Àwọn tó ti ń rẹ́rìn-ín fọwọ́ bo ẹnu. Àyọ̀kẹ́, tó ń bọ̀ lẹ́yìn, dúró ti orúnkún Hakeem. “Kí lẹ dúró ṣe?”

“À ń dúró kí wọ́n jẹ́ wa, mà.”

Ó wo géètì náà títí. “Ó ti dé ọ̀hún,” ló wí. “Ìpàkọ́ rẹ̀ náà kọ́ nìyẹn? Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bá a ti ń ṣe.” Ó di ìjánu mú, Máwẹ̀yìn sì tẹ̀ lé e wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Òfin àìkíni ti kúrò lórí pápá Sábó báyìí. Abdulsalam fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Oyèlárán ọmọ Adésọjí kò fi ilé ńlá sílẹ̀, kò sì jẹ oyè. Ó lo gàárì tí bàbá rẹ̀ rà. Ó mú ẹṣin kan la òjò já ní ìlú tí ẹṣin kì í pẹ́, kò fi pàṣán kàn án. Ó kọ́ ẹni tó fẹ́ borí rẹ̀, kò fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Gbogbo ẹni tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú ayé kí i, ó sì jẹ́ gbogbo wọn. Kò sì sí ẹni tó kọjá rẹ̀.